Lábẹ́ ibòòji igi ni Ànábì Mùsá ti ríṣẹ́

Àsàláámù aléékúmù, ẹ̀yin ará wa ní Kàbbà, Ìsánlú, Ayétòrò-Gbẹ̀dẹ̀ àti gbogbo ilẹ̀ Òkun. Òkun o. Ẹ kú Jímọ̀ òní.

Lọ́jọ́rú, ọ̀dọ́mọkùnrin kan dúró dè mí lẹ́yìn ìrun àsárì. Ọ̀rá ló fi di ìwé ẹ̀rí rẹ̀ kí òjò má baà pa wọ́n, láti orí ti girama dé orí ti àgùnbánirọ̀. Ó ti lé lọ́dún mẹ́rin tó ti ń gbé wọn kiri. Ní báyìí, ẹnìkan ní Lọ́kọ́ja ní kó mówó wá kí orúkọ rẹ̀ lè wọlé fún iṣẹ́ ìjọba, ìyá rẹ̀ sì ti fẹ́ fi oko dógò yáwó. Ó ní, "Àáfà, ẹ bá mi ṣàdúà kí owó náà má wọgbó."

Mi ò lè ṣe àdúà yẹn. Ojíṣẹ́ Ọlọ́hun ṣẹ́bi lé ẹni tó ń fúnni ní àbẹ̀tẹ́lẹ̀ àti ẹni tó ń gbà á. Báwo la ó ṣe wá tọrọ àlùbáríkà sí i? Ẹ̀yin tí ẹ ń ta iṣẹ́ ìjọba fọ́mọ aláìní, ẹ bẹ̀rù Ọlọ́hun. Àwọn ọmọ wọ̀nyí kì í ṣe ọ̀lẹ. Ilẹ̀kùn lẹ tì mọ́ wọn.

Mo ní kó jókòó. Mo rán an létí Ànábì Mùsá: ọmọ tí wọ́n tọ́ láàfin Fìríáónà, tó sá dé ìlú Madyan láìní ilé, láìní iṣẹ́, láìmọ ẹnìkan. Ó bá ọmọbìnrin méjì létí omi, ó bá wọn fún ẹran wọn lómi, kò bèèrè kọ́bọ̀. Ó padà sábẹ́ ibòòji, ó ní: "Olúwa mi, mo bùkátà sí oore yòówù tí O bá sọ̀ kalẹ̀ fún mi." Kò pẹ́ tí bàbá àwọn ọmọbìnrin náà fi ránṣẹ́ pè é. Ọ̀kan nínú àwọn ọmọbìnrin náà ló sọ fún bàbá rẹ̀ pé alágbára tó ṣe é fọkàn tán ló dára jù láti gbà síṣẹ́. Ọmọ ààfin gbà láti da ẹran fún ọdún 8! Ó wà nínú Súrà Al-Qasas, áyà 23 sí 28.

Bí mo ṣe ń sọ̀rọ̀, ojú ọmọkùnrin yìí ń lọ sókè. Ó ní, "Àáfà, ẹ má bínú, wáyà bátìrì sólà mọ́ṣáláṣí yìí ti dípẹtà." Ọ̀dọ̀ àna ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ló ti kọ́ iṣẹ́ sólà, àmọ́ kò kà á síṣẹ́ nítorí kì í ṣe ohun tó kà ní fásitì. Ó tú súkùrù rẹ̀, ó ha wáyà náà títí ó fi ń dán, ó sì so ó padà. Iná ìmọ́lẹ̀ tí a fi kírun ìṣáì lálẹ́ ọjọ́ náà, ọwọ́ rẹ̀ ni.

Ọlọ́hun ní bí a bá ti kírun Jímọ̀ tán, ká tú ká sórí ilẹ̀, ká máa wá nínú oore Òun. Lónìí, lẹ́yìn ìrun, ọmọ náà yóò wà nídìí ibi tí a ti ń ṣe àlùwàlá. Ẹni tí sólà rẹ̀ bá ń yọ ọ́ lẹ́nu, kó lọ bá a. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má dúnàádúrà jù, ẹ sì sanwó rẹ̀ kí òógùn rẹ̀ tó gbẹ.