Ẹmu Ọ̀sán

Ẹ káàbọ̀ o, ẹ̀yin ará mi lókè òkun, àti ẹ̀yin tẹ́ ẹ wà nílé. Òkè-Àdó, n'Íbàdàn, ni mo ti ń bá yín sọ̀rọ̀ lónìí, nínú yàrá tí mo ń sùn nígbà tí mo wà lọ́mọdé. Jẹnẹrétọ̀ tẹ́ ẹ̀ ń gbọ́ yẹn, ti aládùúgbò wa ni. Ẹ bá wa fara dà á.

Ọ̀kan nínú yín fi ohùn ránṣẹ́ sí mi. Ó ní níbi iṣẹ́ òun ní Lọ́ńdọ̀nù, gbogbo wọn máa ń lọ mu bíà lọ́sàn-án ọjọ́ Ẹtì kí wọ́n tó padà sídìí iṣẹ́, ṣé kí òun máa bá wọn mu ún? Mo ti fẹ́ dá a lóhùn wéré, àmọ́ ẹnu mi wúwo. Imú ọ̀gá bàbá mi ló sọ sí mi lọ́kàn.

Ọmọ ọdún mẹ́sàn-án ni mí. A gba ọlidé. Bàbá mi ń wa bọ́ọ̀sì ilé-iṣẹ́ kan ní Dùgbẹ̀, wọ́n sì mú mi dání lọ́jọ́ yẹn. Ẹ mọ bí Dùgbẹ̀ ṣe máa ń rí lọ́sàn-án, n ò ní máa ròyìn ìyẹn. A jẹun lọ́dọ̀ ìyá alámàlà, èmi ni mo jẹun tán gbẹ̀yìn, bàbá mi mu ife ẹmu kan, a padà sí ọgbà iṣẹ́. Ọ̀gá jáde sí wa. Wọ́n gbé imú sún mọ́ ẹnu bàbá mi, níwájú mi, níwájú àwọn obìnrin tó ń gbálẹ̀. Wọ́n ní, "La ẹnu ẹ." Bàbá mi la ẹnu, bí ọmọ tí dókítà fẹ́ wo ọ̀nà ọ̀fun rẹ̀.

"Gbé kọ́kọ́rọ́ sílẹ̀."

Iṣẹ́ bọ́ nìyẹn. A fẹsẹ̀ rìn láti Dùgbẹ̀ dé ilé yìí. Bàbá mi ò sọ̀rọ̀, èmi náà ò sọ̀rọ̀.

Ẹ jẹ́ n rẹ́rìn-ín díẹ̀. Ẹlẹ́mu tó ń wá síbẹ̀ yẹn, orí kẹ̀kẹ́ ló ń so akèrègbè mọ́, ìfófòó á máa ta sí i lẹ́yìn, àwa ọmọdé á máa sáré tẹ̀ lé e! Ẹmu àárọ̀ dùn, ẹ̀yin náà mọ̀ ọ́n. Ṣùgbọ́n ẹmu kì í dúró de ẹnikẹ́ni. Bó bá ṣe ń kán sínú akèrègbè báyìí ni ìwúkàrà ti ń sọ ṣúgà inú rẹ̀ di ọtí. Títí aago kan ọ̀sán, ó ti kan. Èyí tí bàbá mi mu, ẹmu aago kan ni.

Mo ti ń gbọ́ yín. "Ẹmu lásán? Ẹmu tí àwọn baba ńlá wa ń mu lóko?" Bẹ́ẹ̀ ni, wọ́n mu ún. Ṣùgbọ́n àgbẹ̀ tó mu ẹmu lábẹ́ igi, ọkọ́ ló máa dì mú tó bá dìde. Bọ́ọ̀sì ni bàbá mi fẹ́ wà, bọ́ọ̀sì tó kún fún ọmọ ọlọ́mọ. Ta ló sì jókòó síwájú? Èmi ni. Ẹ jẹ́ ká fi bíà ṣírò bí ọtí ṣe máa ń pẹ́ tó lára. Ìgò bíà ńlá ti ilẹ̀ wa níbí, 60cl, tí agbára rẹ̀ bá jẹ́ 5%, 30ml ọtí pọ́ńbélé ló wà nínú rẹ̀. Nǹkan bí 10ml ni ara àgbàlagbà ń palẹ̀ rẹ̀ mọ́ ní wákàtí kan. Tẹ́ ẹ bá mu ún ní aago kan, ó di nǹkan bí aago mẹ́rin kó tó kúrò lára yín. Kọfí ò lè lé e. Omi tútù tẹ́ ẹ bù sójú ò lè lé e.

"Àwọn Faransé ńkọ́?" Òótọ́ ni, òfin iṣẹ́ wọn gba wáìnì àti bíà láyè níbi iṣẹ́. Òfin yẹn kan náà ló gba agbanisíṣẹ́ láyè láti kà á léèwọ̀ níbi tó bá ti lè wu ẹ̀mí léwu. Ẹ ka gbogbo rẹ̀ tán, ẹ má dúró síbi tó dùn mọ́ yín.

Nítorí náà, ọ̀gá yẹn ò ṣẹ̀ nípa ti kọ́kọ́rọ́. Mo ti gbà á. Ṣùgbọ́n wọ́n ṣẹ̀ wá nípa ti imú. Wọ́n lè pe bàbá mi sí kọ̀rọ̀. Mo sì rí tábìlì wọn lójú fèrèsé: ìgò sítáòtù kan wà lórí rẹ̀, ó ti dé ìdajì, wọ́n sì padà lọ jókòó tì í, wọ́n ń buwọ́ lu ìwé. Ta ló ní kí wọ́n la ẹnu tiwọn? Ohun tó ń dùn mí títí dòní nìyẹn. Dírẹ́bà mu, a ní ọ̀mùtí ni. Ọ̀gá mu, a ní wọ́n ń gbàlejò. Ẹni tó ń fi bírò gé owó oṣù èèyàn, ṣé òun ò lè fi í pa ilé kan run ni?

Àbúrò mi tó fi ohùn ránṣẹ́, wo ẹni tó ń dúró dè ọ́ lẹ́yìn oúnjẹ ọ̀sán. Tí kò bá sí ẹni tí àṣìṣe rẹ máa kàn, àti bí wọ́n bá gbà á láyè níbi iṣẹ́ yín, mu díẹ̀, n ò ní bá ọ jà. Tí ẹnì kan bá wà, omi ni kó o mu.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ máa ní mò ń tú àṣírí bàbá mi: bàbá mi ló fún mi láyè. Wọ́n wà ní pálọ̀ báyìí. Ìtìjú tí wọ́n dá gbé láti ọgbọ̀n ọdún ó lé, ṣé ká tún máa bá wọn pa á mọ́ ni? Rárá o. Ẹni tó pa á mọ́ jù lọ ni èmi. Gbogbo ẹni tí mo bá sọ ọ́ fún, "ife kan péré ni" ni mo máa ń fi bẹ̀rẹ̀. Ife kan. Mo fi jà fún wọn níbi gbogbo.

Lánàá, lẹ́yìn tá a jẹun alẹ́ tán, mo bi wọ́n léèrè. Mo ní, "Bàbá, ṣebí ife kan ni?"

Wọ́n ní, "Méjì ni. Ìkejì ni mo mu nígbà tí mò ń dúró dè ọ́ kó o jẹun tán."