Orin Tó Bá Lẹ́tà Rìn: Ìbẹ̀rẹ̀ Black Metal ní Swídìn àti Nọ́wè

Ẹ kú ìkàlẹ̀ o. Ọ̀rọ̀ tí mo bá àwọn akẹ́kọ̀ọ́ orin sọ lọ́sẹ̀ tó kọjá ni mo tún kọ síbí, nítorí ẹ̀yin tí ẹ kò lè wá.

Ẹni tó bá ti gbọ́ nǹkan kan rí nípa black metal, ẹ̀ka orin gìtá líle tó kún fún ariwo, iná tó jó ṣọ́ọ̀ṣì ló máa ń kọ́kọ́ mẹ́nu bà. Irọ́ kọ́. Ṣọ́ọ̀ṣì jó, ẹ̀mí sì bọ́. Àmọ́ ọdún mẹ́jọ ni orin yìí ti ń lọ kí iná àkọ́kọ́ tó ràn. Ọdún mẹ́jọ yẹn ni mo fẹ́ kí a jókòó tì, torí pé inú rẹ̀ ni àwọn ọ̀dọ́ kan tí kò lówó lọ́wọ́ ti fi kásẹ́ẹ̀tì àti lẹ́tà wá ohùn tuntun jáde.

Orúkọ náà kì í ṣe tiwọn látilẹ̀. Àwọn mẹ́ta kan láti Newcastle ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, tí wọ́n ń jẹ́ Venom, ló gbé àwo kan jáde ní 1982 tí wọ́n pè ní Black Metal. Àwọ̀ ara ènìyàn kọ́ ni wọ́n ń sọ o. Dúdú òru ni, dúdú iṣẹ́ òkùnkùn. Ní Dẹ́ńmáàkì, King Diamond tó ń kọrin fún Mercyful Fate ti ń kun ojú rẹ̀ ní funfun àti dúdú ní àsìkò kan náà. Àwọn ọmọ Nọ́wè àti Swídìn gbọ́ tibí, wọ́n rí tọ̀hún, wọ́n sì mú un lọ síbi tí àwọn tó bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ kò fọkàn sí.

Stockholm la ti máa bẹ̀rẹ̀. Ní 1984, ọmọ ọdún méjìdínlógún ni Thomas Forsberg, ẹni tí gbogbo ayé mọ̀ sí Quorthon. Ilé-iṣẹ́ Tyfon ń kó orin àwọn ẹgbẹ́ mélòó kan jọ sórí àwo kan tí wọ́n pè ní Scandinavian Metal Attack. Ẹgbẹ́ kan já wọn kulẹ̀, ni wọ́n bá fi Bathory, ẹgbẹ́ ọmọdékùnrin yìí, dí àlàfo náà pẹ̀lú orin méjì péré. Àwo jáde, lẹ́tà bẹ̀rẹ̀ sí í wọlé, Bathory sì ni èyí tó pọ̀ jù nínú àwọn tó kọ lẹ́tà ń béèrè. Bí àwo àkọ́kọ́ tiwọn ṣe jáde lọ́dún yẹn kan náà nìyẹn. Gáréèjì ọkọ̀ kan tí wọ́n sọ di sítúdíò ni wọ́n ti gbà á sílẹ̀. Ohùn Quorthon ha bí ìgbà tí wọ́n ń fi ayùn rẹ́ páànù, gìtá ń kùn bí agbo oyin, ìlù sì dà bí ẹni pé yàrá kejì ni wọ́n ti ń lù ú. Owó ni kò sí. Síbẹ̀ àwọn tó gbọ́ ọ kò gbọ́ àìlówó nínú rẹ̀. Ẹ̀rù ni wọ́n gbọ́. Láti bí 1985 lọ, Bathory kò fẹ́rẹ̀ẹ́ jáde ṣeré níta mọ́. Àwo nìkan ni àwọn olólùfẹ́ rẹ̀ ní, kálukú sì jókòó sínú yàrá tirẹ̀, ó ń ro bí àwọn ènìyàn náà ṣe máa rí.

Ní 1984 yẹn náà, ní Langhus, ìlú kékeré kan tí kò jìnnà sí Oslo, ọ̀dọ́ mẹ́ta dá Mayhem sílẹ̀: Øystein Aarseth tó pe ara rẹ̀ ní Euronymous, Jørn Stubberud, àti Kjetil Manheim. Ilé-iṣẹ́ wo ló máa gbé irú orin bẹ́ẹ̀ jáde? Wọ́n gbé e fún ara wọn. Ẹ̀yin tí ẹ ti fi bírò yí kásẹ́ẹ̀tì rí, ẹ máa mọ ohun tí mo ń sọ. Wọ́n á ṣe àdàkọ kásẹ́ẹ̀tì, wọ́n á fi sínú àpò ìwé, ó di ilé ìfìwéránṣẹ́. Ẹni tó bá gbà á á fi tirẹ̀ ránṣẹ́ padà, á sì tún da èyí tó gbà kọ fún ẹlòmíràn ní ìlú mìíràn. Owó sítáǹpù ń dùn wọ́n, ni wọ́n bá ń fi ọṣẹ pa ojú rẹ̀, kí ẹni tó gba lẹ́tà lè fi omi fọ òǹtẹ̀ kúrò, kó sì dá sítáǹpù náà padà fún ìlò mìíràn. Ní Sarpsborg, Jon Kristiansen ń tẹ ìwé ìròyìn tirẹ̀ láti 1985, Slayer ló pè é, ibẹ̀ sì ni ọ̀pọ̀ wọn ti ń rí àdírẹ́sì ara wọn.

Kásẹ́ẹ̀tì tí a dà kọ láti ara àdàkọ, bó bá ṣe ń ti ọwọ́ bọ́ sí ọwọ́ ni ìró rẹ̀ ń rọ, tí ariwo ṣììì ń gba ipò rẹ̀. Ọmọ tó bá fi ọdún márùn-ún gbọ́ orin tó nífẹ̀ẹ́ sí jù láàárín ariwo yẹn, ariwo náà á di ara orin fún un. Èrò tèmi ni pé ibẹ̀ ni ohùn black metal ti wá, ju inú ìwé èṣù èyíkéyìí lọ.

Ní 1987 Mayhem kó owó ara wọn jọ, wọ́n tẹ Deathcrush, 1000 ẹ̀dà. Orin tó ṣí àwo náà kì í ṣe tiwọn rárá. Conrad Schnitzler, àgbà olórin ẹ̀rọ ní Jámánì, ló ni ín. Aarseth ló lọ bá a nílé, tí kò sì kúrò níbẹ̀ títí bàbá náà fi gbà á láàyè. Mo fẹ́ràn ìtàn yìí púpọ̀. Ọmọkùnrin tí àwọn ènìyàn rò pé ariwo nìkan ló mọ̀, etí rẹ̀ ti ń wá ohùn kiri jìnnà.

Lẹ́tà náà ló mú Per Yngve Ohlin wá láti Swídìn ní 1988. Dead ló pe ara rẹ̀, ìyẹn Òkú. Wọ́n ní inú àpótí tó fi ránṣẹ́ sí Mayhem, yàtọ̀ sí kásẹ́ẹ̀tì àti lẹ́tà, eku kan wà níbẹ̀ tó kàn mọ́ àgbélébùú. Bó bá kun ojú, kì í ṣe torí ẹwà orí ìtàgé. Ó fẹ́ jọ òkú. Ó máa ń rì aṣọ rẹ̀ mọ́lẹ̀, á hú u jáde lọ́jọ́ eré, kó lè gba òórùn ilẹ̀. Ìbànújẹ́ gidi wà lára ọmọ yìí, àwọn tó yí i ká sì ń wò ó bí ìran. Ní oṣù kẹrin 1991 ó gba ẹ̀mí ara rẹ̀, ọmọ ọdún méjìlélógún. Aarseth ló kọ́kọ́ rí i, àwòrán òkú ló sì kọ́kọ́ yà kó tó pe ọlọ́pàá. Stubberud bínú kúrò nínú ẹgbẹ́. Inú mi kì í dùn bí mo bá rí i tí wọ́n ń sọ ikú yẹn di ohun ìpolówó títí di òní.

Lọ́dún yẹn kan náà ni Aarseth ṣí ṣọ́ọ̀bù àwo orin sí Schweigaards gate ní Oslo. Helvete ló sọ ọ́, ọ̀run àpáàdì nìyẹn lédè wọn. Ibẹ̀ ni wọ́n ti ń pàdé, àwọn kan tilẹ̀ ń sùn síbẹ̀. Ohun tó jẹ mí lógún níbẹ̀ ni gìtá. Àwọn tó ń ṣe death metal, orin líle mìíràn tó jẹ́ ìbátan black metal, nígbà náà máa ń fi ẹ̀gbẹ́ àtẹ́lẹwọ́ tẹ okùn mọ́lẹ̀, kí ìró lè kúrú, kó sì wúwo bí ìgbà tí wọ́n ń gún nǹkan lódó. Aarseth àti Snorre Ruch, ọmọ Trondheim tó ní ẹgbẹ́ Thorns, gbé ọwọ́ kúrò. Wọ́n jẹ́ kí gbogbo okùn dún pọ̀, wọ́n sì ń ṣá wọn lọ sókè sódò láìdáwọ́ dúró, títí ìró kan fi ń yọ́ wọnú èkejì. Ẹ wá fi ìlù tó ń sáré sí i, tó dà bí òjò àrọ̀ọ̀dá lórí páànù. Orin ń sáré, síbẹ̀ ó dúró sójú kan. Ọgbọ́n tuntun lèyí. Gbogbo àwọn ọ̀dọ́ tó ń wọlé jáde ní ṣọ́ọ̀bù yẹn ló kó o lọ sílé.

Ẹgbẹ́ tó fi ara jìn fún un jù ni Darkthrone, láti Kolbotn. Sunlight ní Stockholm, sítúdíò tí àwọn tó ń ṣe death metal ní Swídìn ń dù, ni wọ́n ti gba àwo àkọ́kọ́ wọn sílẹ̀, Peaceville ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì sì gbé e jáde ní 1991. Ọ̀nà ti là fún wọn. Kí ọdún tó parí, wọ́n kẹ̀yìn sí gbogbo rẹ̀, wọ́n sì gba A Blaze in the Northern Sky sílẹ̀ nílùú wọn, gìtá rẹ̀ tín-ínrín, ó tutù bí yìnyín. Peaceville ní gìtá náà kò kún tó, kí wọ́n tún un ṣe. Àwọn ọmọ náà fèsì pé bí wọn kò bá gbé e jáde bó ṣe wà, ilé-iṣẹ́ tí Aarseth fi ń gbé àwo jáde yóò gbé e. Ó jáde bó ṣe wà ní 1992. Ohun tí àìlówó fi lé Bathory lọ́wọ́ ní gáréèjì, Darkthrone fi ọwọ́ ara wọn yàn án nígbà tí wọ́n lè ṣe òmíràn. Gylve Nagell, onílù wọn tó ń jẹ́ Fenriz, iṣẹ́ ìfìwéránṣẹ́ ló ń ṣe jẹun.

Kò túmọ̀ sí pé gbogbo wọn ló sá fún sítúdíò ńlá. Ní Bergen, inú Grieghallen, gbọ̀ngàn orin tí wọ́n fi orúkọ Edvard Grieg sọ, ni Eirik Hundvin tí wọ́n ń pè ní Pytten ti gba orin àwọn ẹgbẹ́ bíi Immortal, Burzum, Emperor àti Mayhem fúnra wọn sílẹ̀.

Iná wá ràn. Ní ọjọ́ 6 oṣù kẹfà 1992, ṣọ́ọ̀ṣì onígi ní Fantoft, ní Bergen, jó kanlẹ̀. Bí ọdún 1150 ni wọ́n ti kọ́ ọ. Òmíràn tẹ̀ lé e, òmíràn tún tẹ̀ lé e, ọwọ́ àwọn kan nínú àwọn ọ̀dọ́ yìí sì wà níbẹ̀. Lóṣù kẹjọ ọdún yẹn, Bård Eithun, onílù Emperor, gún ọkùnrin kan pa ní Lillehammer, ọkùnrin tí kò mọ wọ́n rí, tí kò ṣẹ̀ wọ́n. Àwọn ìwé ìròyìn máa ń kánjú kọjá ọkùnrin náà, kí wọ́n lè tètè dé orí Aarseth, tí Varg Vikernes tó ń dá Burzum ṣe pa ní Oslo lọ́jọ́ 10 oṣù kẹjọ 1993. Ọdún mọ́kànlélógún ni ilé-ẹjọ́ fún Vikernes, fún ìpànìyàn àti ṣọ́ọ̀ṣì tó dáná sun.

Ọ̀kan nínú àwọn akẹ́kọ̀ọ́ bi mí pé báwo ni èmi aláwọ̀ dúdú ṣe ń gbọ́ orin yìí. Ìbéèrè tó yẹ ni. Ìkórìíra ẹ̀yà wọ inú rẹ̀ lóòótọ́. Vikernes kò fi tirẹ̀ pa mọ́. Ẹ̀yìn àwo Transilvanian Hunger tí Darkthrone ṣe ní 1994 ni wọ́n kọ ọ̀rọ̀ "Arian" sí gàgàrà, orúkọ tí àwọn Násì fi ń gbé aláwọ̀ funfun ga ju ẹ̀yà yòókù lọ. Wọ́n tọrọ àforíjì lẹ́yìn náà. Mi ò ra àwo Burzum rí, mi ò sì ní rà á. Ṣùgbọ́n gáréèjì Stockholm, àti ọwọ́ tí Snorre Ruch gbé kúrò lórí okùn, mi ò ní fi wọ́n sílẹ̀ fún àwọn tó ń kórìíra mi.

Àwo tí Mayhem ti ń ṣe láti ọdún pípẹ́, De Mysteriis Dom Sathanas, jáde ní 1994, lẹ́yìn tí wọ́n ti sin Aarseth. Òun ló ta gìtá inú rẹ̀. Vikernes ló ta gìtá báàsì. Àwọn òbí Aarseth bẹ̀bẹ̀ pé kí wọ́n yọ báàsì náà kúrò, kí ọwọ́ ẹni tó pa ọmọ àwọn má ṣe wà níbẹ̀. Hellhammer, onílù Mayhem, ní òun yóò tún un ta. Kò mọ báàsì í ta. Báàsì náà ṣì wà níbẹ̀, ó rọra ń kùn lábẹ́ gìtá olóògbé.