Ìdákọ̀ró Mẹ́rin Lóru Ìjì

Bíbélì kíkà: Ìṣe Àwọn Àpọ́sítélì orí 27

Ẹ káàárọ̀ o, ẹ̀yin ará mi nínú Olúwa. Mo mọ̀ pé àwọn kan nínú wa kò fojú kan oorun lánàá. Afẹ́fẹ́ ń hu lójú fèrèsé, òrùlé ń dún gbàgà-gbàgà, iná ti lọ láti ìrọ̀lẹ́, ẹ ò sì mọ ìgbà tí yóò dé. Ẹ̀yin gan-an ni mo jókòó kọ ọ̀rọ̀ òwúrọ̀ yìí sí. Ẹ kú ewu. Ẹ kú ìfaradà. Bí ẹ bá ní Bíbélì oníwèé nílé, òun ni kí ẹ fi kà á, kí ẹ lè tọ́jú bátìrì fóònù yín.

Ẹlẹ́wọ̀n ni Pọ́ọ̀lù nínú ìtàn yìí. Ọkọ̀ ojú omi ni wọ́n fi ń gbé e lọ sí Róòmù, ìgbà tí ìrìn-àjò lórí òkun sì léwu ni. Ó ti kìlọ̀ fún wọn pé àdánù ń bẹ níwájú. Balógun ọ̀rún gba ọ̀rọ̀ atukọ̀ àti ọlọ́kọ̀ gbọ́ ju ti Pọ́ọ̀lù lọ. Afẹ́fẹ́ gúúsù kan fẹ́ jẹ́jẹ́, wọ́n rò pé ọ̀nà ti là, wọ́n ṣí ọkọ̀. Kò pẹ́ tí ìjì líle fi já lù wọ́n. Ọjọ́ ń gorí ọjọ́, wọn ò rí oòrùn, wọn ò rí ìràwọ̀. Ní òru kẹrìnlá, àwọn atukọ̀ fura pé ilẹ̀ kò jìnnà mọ́. Wọ́n wọn omi, ó jìn. Wọ́n sún síwájú díẹ̀, wọ́n tún wọ̀n ọ́n, kò jìn tó ti àkọ́kọ́. Ẹ̀rù bà wọ́n kí ọkọ̀ má lọ forí sọ àpáta nínú òkùnkùn. Wọ́n bá sọ ìdákọ̀ró mẹ́rin sílẹ̀ láti ìdí ọkọ̀, wọ́n sì ń retí kí ilẹ̀ mọ́.

Ibẹ̀ ni mo fẹ́ kí a dúró sí láàárọ̀ yìí.

Mo rántí òru kan tí irú ìjì yìí bá wa nílé. A ti gbé tìmùtìmù sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ àárín ilé, níbi tí kò sí fèrèsé, gbogbo wa sì há mọ́ra lórí rẹ̀. Nígbà tí iná lọ, fíríìjì ni mo kọ́kọ́ gbọ́ tó dákẹ́. Ó ti ń kùn látọjọ́ tí a ti rà á, mi ò kà á sí. Ìgbà tó dákẹ́ ni mo tó mọ̀ pé ó máa ń dún. Lẹ́yìn náà ni mo wá gbọ́ ohùn afẹ́fẹ́ gan-an. Ọmọ mi kékeré wá ọwọ́ mi kàn nínú òkùnkùn, ó ní, "Mọ́mì, ṣé ilẹ̀ ṣì máa mọ́?" Kò béèrè bóyá ìjì máa dáwọ́ dúró. Mo ní, "Á mọ́." Ó sùn. Èmi ni mi ò sùn.

Ohun tí ọmọ yẹn béèrè ni àwọn atukọ̀ Pọ́ọ̀lù ń béèrè. Àwa onígbàgbọ́ fẹ́ràn ìtàn tí Jésù ti bá ìjì wí, tí gbogbo rẹ̀ sì pa rọ́rọ́. Mo gba ìtàn yẹn gbọ́ pẹ̀lú gbogbo ọkàn mi. Ṣùgbọ́n nínú ìtàn Pọ́ọ̀lù, Ọlọ́run kò dá ìjì náà dúró. Ó rán áńgẹ́lì sí Pọ́ọ̀lù lóru pé kò sí ẹ̀mí tí yóò ṣòfò, síbẹ̀ afẹ́fẹ́ ń jà, ọkọ̀ sì fọ́ níkẹyìn. Ọkàn 276 ló wà nínú rẹ̀. Àwọn kan lúwẹ̀ẹ́, àwọn mìíràn di pákó àti àfọ́kù ọkọ̀ mú, gbogbo wọn pátá sì gúnlẹ̀ láàyè. Ọlọ́run kan náà ló wà nínú ìtàn méjèèjì.

Nítorí náà, ẹ jọ̀ọ́, bí òrùlé ilé ẹnì kan bá ṣí, ẹ má ṣe sọ pé àdúrà rẹ̀ ni kò tó. Ó máa ń dùn mí bí mo bá gbọ́ tí ẹnì kan ń jẹ́rìí pé ìjì yà kúrò lọ́nà ilé òun nítorí pé òun gbààwẹ̀. Ibi tó yà sí, ènìyàn ń gbé ibẹ̀. Ẹ dúpẹ́ pé ẹ wà láàyè, ẹ sì fi ìdúpẹ́ náà gbé oúnjẹ lọ fún ẹni tí ìjì náà bá.

Mo ti gbọ́ ìwàásù tó ní ìdákọ̀ró kìíní ni ìgbàgbọ́, èkejì ni ìrètí. Bíbélì kò sọ bẹ́ẹ̀. Ìdákọ̀ró tí atukọ̀ fi ń dá ọkọ̀ dúró ni wọ́n. Àwọn tí áńgẹ́lì ti ṣèlérí ìyè fún ṣì fi ọwọ́ ara wọn gbé ohun tó wúwo, wọ́n jù ú sómi. Ìdí nìyẹn tí mi ò fi lè gbàdúrà ìjì kí n má mẹ́nu ba omi, iná àti jẹnẹrétọ̀.

Láti ọjọ́ 1 oṣù Kẹfà títí di ọjọ́ 30 oṣù Kọkànlá ni àkókò ìjì hurricane ní òkun Àtìláńtíìkì. Bí afẹ́fẹ́ rẹ̀ bá ti tó kìlómítà 119 ní wákàtí kan ni wọ́n ti ń pè é ní hurricane, láti ìpele 1 dé 5. Afẹ́fẹ́ nìkan ni ìpele yẹn ń wọ̀n o; kò wọn omi, bẹ́ẹ̀ omi ló ń pa ènìyàn jù. Ní ọjọ́ 8 oṣù Kẹsàn-án ọdún 1900, ìjì kan dé bá ìlú Galveston ní Texas. Ó kéré tán, 6,000 ènìyàn ló kú, òkun ló sì ya wọlé bá wọn. Lóde òní, ọjọ́ mélòó kan ṣáájú ni a ti ń rí ìjì lọ́ọ̀ọ́kán. Igi gogoro má gùn mí lójú, òkèèrè la ti ń wò ó. Bí ìjọba bá ní kí àdúgbò yín jáde, ẹ jáde, ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni pè é ní àìnígbàgbọ́. Ẹni tí wọ́n bá ní kó dúró sílé ni kó dúró. Kí ó má sì rin inú àgbàrá: omi tó ń sáré, tí kò ga ju ínǹṣì 6 lọ, lè gbé àgbàlagbà ṣubú.

Lóru tí mo ń sọ yẹn, ní bíi aago mẹ́ta, afẹ́fẹ́ ṣàdédé dákẹ́. Bàbá àwọn ọmọ dìde, ó mú tọ́ọ̀ṣì, ó fẹ́ lọ wo òrùlé. Rédíò kékeré oníbátìrì tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ wa ló dá a dúró: ojú ìjì ló ń kọjá lórí wa. Àárín hurricane máa ń dákẹ́ bẹ́ẹ̀. Kò pẹ́ tí afẹ́fẹ́ tún fi dé, láti òdì kejì, igi tó ti tẹ̀ síhìn-ín sì wó sọ́hùn-ún. Ó wà níbi tí ọkọ mi ì bá dúró sí. Láti ọjọ́ náà ni mo ti ń bẹ Ọlọ́run pé kó fún mi ní etí tó ń gbọ́ràn.

Bí ẹ bá tan jẹnẹrétọ̀, ìta ni kó wà, kó jìnnà sí ilé tó ẹsẹ̀ bàtà 20, kó má kọjú sí fèrèsé tàbí ilẹ̀kùn ẹnikẹ́ni. Gáàsì carbon monoxide tó ń tú jáde lára rẹ̀ kò ní àwọ̀, kò sì ní òórùn. Ẹni tó bá fà á símú lójú oorun lè má jí. Àwọn kan ti la ìjì já, èéfín yìí ló wá pa wọ́n lẹ́yìn rẹ̀. Mo bẹ̀ yín ni.

Ẹ má máa ṣí fíríìsà wò. Bí ó bá kún tí ẹ kò sì ṣí i, ó lè di òtútù rẹ̀ mú fún wákàtí 48. Bí ó bá kún dé ìdajì, wákàtí 24. Fíríìjì kò ju wákàtí 4 lọ. Ọkàn náà rí bẹ́ẹ̀. Gbogbo ìgbà tí a bá ṣí i sílẹ̀ fún àhesọ tuntun lórí WhatsApp, díẹ̀ nínú àlàáfíà tó wà nínú rẹ̀ ń jáde lọ.

Àwọn tí òkùnkùn tiwọn ti pẹ́, mi ò gbàgbé yín. Ní ọjọ́ 20 oṣù Kẹsàn-án ọdún 2017, ìjì Maria kọlu Puerto Rico, iná sì lọ ní gbogbo erékùṣù náà. Àwọn ilé kan wà tó jẹ́ pé bí oṣù 11 ni wọ́n lò kí iná tó padà dé. Ẹ ronú ìyá kan tí oògùn rẹ̀ gbọ́dọ̀ wà nínú òtútù, tàbí bàbá àgbàlagbà tó jẹ́ pé ẹ̀rọ oníná ló fi ń mí. Bí ẹ bá ní irú ẹni bẹ́ẹ̀ ládùúgbò, ẹ lọ kan ilẹ̀kùn rẹ̀ lónìí. Òjò tó rọ̀ ló kó ẹyẹlé pọ̀ mọ́ adìẹ.

Ẹ wo ohun tí Pọ́ọ̀lù ṣe bí ilẹ̀ ti ń mọ́ bọ̀. Ó mú àkàrà, ó dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run lójú gbogbo wọn, ó bù ú, ó jẹ ẹ́. Ó ní kí àwọn náà jẹun, wọ́n sì tújú ká. Nígbà tí wọ́n sì gúnlẹ̀ sí Málítà, tí òjò àti òtútù mú wọn, Pọ́ọ̀lù fúnra rẹ̀ ló ṣẹ́ igi jọ sínú iná tí àwọn ará erékùṣù dá. Nítorí náà, kí a tó gbàdúrà, ẹ fún àwọn ọmọ ní nǹkan jẹ. Ẹ̀yin náà, ẹ jẹun.

Ẹ jẹ́ kí a gbàdúrà.

Bàbá wa, Ọba tí kì í sùn, tí kì í tòògbé, a dúpẹ́ pé a jí. Ìwọ ló ṣọ́ wa nígbà tí ògiri ń mì. Gba ọpẹ́ wa.

Olúwa, ẹni tí kò rí òrùlé lókè orí rẹ̀ láàárọ̀ yìí, ṣe ibi ààbò fún un. Má jẹ́ kí ó rò pé O ti kọ òun. Rán ènìyàn sí i, kí o sì jẹ́ kí àwa wà lára àwọn tí O máa rán.

Bàbá, ìlú tí ìjì yìí ṣì ń bọ̀ wá kàn, ṣàánú fún wọn. Fún wọn ní ọgbọ́n láti tètè gbéra. La ọ̀nà fún ẹni tí kò ní ọkọ̀, tí kò sì ní owó tó fẹ́ fi sá.

Olúwa, a gbé àwọn òṣìṣẹ́ iná lé Ọ lọ́wọ́, àwọn tó fi ìdílé tiwọn sílẹ̀ nínú òkùnkùn, tí wọ́n ń gun òpó láti wá tan iná fún wa. Kí wáyà má pa wọ́n, kí òpó má wó lù wọ́n. Dárí jì wá fún ọ̀rọ̀ líle tí a ti sọ sí wọn nígbà tí sùúrù wa tán.

Olùwòsàn, dúró ti àwọn aláìsàn tí ẹ̀rọ wọn ti dákẹ́, ti àwọn aboyún, ti àwọn ọmọ ọwọ́ inú ooru yìí. Tu àwọn tó ń ṣọ̀fọ̀ nínú, Bàbá. A ò ní ọ̀rọ̀ tó tó fún wọn, Ìwọ lo ní.

Àwọn ọmọ wa tó ń gbọ̀n bí afẹ́fẹ́ kékeré bá ti fẹ́, mú ẹ̀rù náà kúrò lọ́kàn wọn. Jẹ́ kí wọ́n sùn láìta gìrì.

Olúwa, a ti ju ìdákọ̀ró tí ọwọ́ wa ká. A ti pọn omi, a ti ti ilẹ̀kùn, a ti kó àwọn ènìyàn wa sí àárín ilé. Ibi tí agbára wa mọ nìyí. Di ọkọ̀ wa mú títí ilẹ̀ yóò fi mọ́. Lórúkọ Jésù Kristi Olúwa wa. Àmín.