Ọmọ Tó Gbóyà, Ìbẹ̀rù Ìfìdírẹmi, àti Àmì Méjì Tó Kù

Ẹ kú ìkàlẹ̀ o, ẹ̀yin òbí, ẹ̀yin olùkọ́ni, àti gbogbo ẹ̀yin tí ẹ ń sin ọmọ lọ sí ìdíje tẹníìsì orí tábìlì. Ọ̀rọ̀ ọmọ tó ya ojo kọ́ ni a fẹ́ sọ lónìí. Ọmọ tó gbóyà ni: ọmọ ọdún mẹ́sàn-án tàbí mẹ́wàá tó ti na gbogbo ẹgbẹ́ rẹ̀ ládùúgbò, tí wọ́n ń pè ní “Sámpíọ̀nù” bó bá ń kọjá lọ, àmọ́ tí ọwọ́ rẹ̀ ń kọ̀ fún un nínú ìdíje nígbà tó ku díẹ̀ kó borí.

Ẹ jẹ́ ká wò ó lórí tábìlì. Géèmù kan, àmì 11 ni. Ọmọ yìí ti ní 9, ẹnìkejì ní 6, ó ku sáàfù kan (gbígbá tí a fi ń bẹ̀rẹ̀ àmì) lọ́wọ́ rẹ̀. Ẹ wo ìka tó nà sẹ́yìn báàtì: ó ti le, orí èékánná rẹ̀ ti funfun. Bọ́ọ̀lù tó máa ń jù sókè dáadáa láti àtẹ́lẹwọ́, ó ń jù ú tìfuratìfura. Òfin sì ní bọ́ọ̀lù sáàfù gbọ́dọ̀ gòkè tó sẹ̀ǹtímítà 16 ó kéré tán, nítorí náà adájọ́ lè gba àmì lọ́wọ́ rẹ̀ lásán. Orúnkún tó tẹ̀ látàárọ̀ ti nà gbọọrọ. Ẹsẹ̀ kò rìn mọ́, apá nìkan ló ń na ara rẹ̀ lọ bá bọ́ọ̀lù. Lẹ́yìn àmì kọ̀ọ̀kan, ojú rẹ̀ ń sá lọ sọ́dọ̀ ìyá rẹ̀ lórí bẹ́ǹṣì. 9–7. 9–8. 9–9. Ìgbà tí ẹ ó fi mí èémí méjì, ẹnìkejì ti gba géèmù náà.

Àwọn tó jókòó á ní kò fọkàn sí i. Àwọn mìíràn á ní aráyé ló ń ṣe é. A ò gbà bẹ́ẹ̀. Ìbẹ̀rù ni, ó sì ní bó ṣe ń ṣiṣẹ́.

Bí ara bá gbọ́ ìró ewu, àyà á máa lù kìkì, èémí á kúrú, iṣan á le. Fún ẹni tó fẹ́ sáré tàbí tó fẹ́ jà, ìyẹn kò burú. Ṣùgbọ́n ọrùn ọwọ́ ni a fi ń gbá tẹníìsì orí tábìlì. Bọ́ọ̀lù yẹn kò wúwo ju gíráàmù 2.7 lọ, mìlímítà 40 ni fífẹ̀ rẹ̀; bí rọ́bà báàtì ṣe ń ra á ló ń mú kó yí, yíyí yẹn ló sì ń fà á wálẹ̀ sórí tábìlì lẹ́yìn tó bá ti kọjá nẹ́ẹ̀tì. Ọrùn ọwọ́ tó bá le kò lè ra á. Bọ́ọ̀lù á lọ gbọọrọ láìyí, á wọ nẹ́ẹ̀tì tàbí kó fò kọjá tábìlì. Ìdí kejì ni pé ohun tí ọwọ́ ti ń dá ṣe láti ọdún méjì sẹ́yìn, ọmọ á bẹ̀rẹ̀ sí í ṣọ́ ọ. Ẹni tó bá ń ro ìṣísẹ̀ kọ̀ọ̀kan bó ti ń sọ̀ kalẹ̀ lórí àtẹ̀gùn á kọsẹ̀ dandan.

Irú ọmọ méjì ni ìbẹ̀rù kan náà ń mú jáde. Èkíní á máa rọra ti bọ́ọ̀lù padà sí àárín tábìlì, ó ń retí kí ẹnìkejì ṣàṣìṣe. Èkejì á máa fọ́ gbogbo bọ́ọ̀lù tó bá rí, ìyẹn ni pé á fi gbogbo agbára gbá a, èyí tó yẹ ní fífọ́ àti èyí tí kò yẹ. Ọ̀pọ̀ olùkọ́ni ń bá èkíní wí, wọ́n sì ń yin èkejì pé akíkanjú ni. Àṣìṣe ńlá nìyẹn. Èkejì yẹn fẹ́ kí ọ̀rọ̀ náà tètè parí ni, ibi tó bá parí sí kó parí sí. Bí ẹ bá fẹ́ mọ̀ ọ́n, ẹ ka iye bọ́ọ̀lù tó ń lọ tó ń bọ̀ kó tó fọ́ ọ nígbà tí géèmù wà ní 3–3, kí ẹ tún kà á ní 9–8. Bí mẹ́rin bá ti di ọ̀kan, ìbẹ̀rù ni.

Kí wá ni ọmọ yìí ń bẹ̀rù? Fífìdírẹmi lásán kọ́. Ọmọ tí kò lórúkọ ń fìdí rẹmi, ó ń lọ ra gúgúrú jẹ. Èyí ń bẹ̀rù ohun tí wọn yóò máa pè é lọ́la. A ti ṣèlérí kẹ̀kẹ́ fún un bó bá borí. A ti sọ fún un pé ọmọ tí wọ́n jọ fẹ́ gbá kò tó o nà. Bàbá rẹ̀ ti na fóònù síta, ó ń ya fídíò. Gbogbo ẹrù yìí ló gbé wá sídìí tábìlì, àgbà ló sì dì í fún un. Ẹ má ṣèlérí ohunkóhun nítorí ìborí. Ẹ má fi àbùkù kan ọmọ ẹlòmíì létí rẹ̀, nítorí bí ẹni tí ẹ ní kò tó nǹkan bá wá nà án, kí ni òun fúnra rẹ̀ wá jẹ́? Ẹ pe ọmọ lórúkọ rẹ̀. Bí ìyá rẹ̀ bá sì mọ oríkì rẹ̀, ọjọ́ tó fìdí rẹmi gan-an ni kó kì í. Kò sí Àjàní kankan tó gba oríkì nítorí pé ó gbégbá orókè. Ó ti ń jẹ́ ẹ kó tó mọ ohun tó ń jẹ́ báàtì.

Ó dára kí ọmọ mọ ìṣirò ìdíje pẹ̀lú. Bí ọmọ 32 bá wọ ìdíje tí ẹni tó bá fìdí rẹmi yóò máa lọ sílé, 31 nínú wọn ni yóò fìdí rẹmi kí ilẹ̀ tó ṣú. Aruna Quadri, ọmọ Ọ̀yọ́ tó ń gbá eré yìí fún Nàìjíríà, na Timo Boll ti Jámánì ní Òlíńpíìkì Rio lọ́dún 2016, ó di ọmọ Áfíríkà àkọ́kọ́ tó wà lára àwọn mẹ́jọ tó kẹ́yìn nínú ìdíje ẹlẹ́nìkọ̀ọ̀kan ní Òlíńpíìkì. Ma Long ti Ṣáínà nà án ní géèmù 4–0 lẹ́yìn náà. Segun Toriola, ọmọ Nàìjíríà bíi tirẹ̀, lọ sí Òlíńpíìkì méje, láti 1992 dé 2016, láìgba àmì ẹ̀yẹ kankan níbẹ̀, síbẹ̀ kò sẹ́ni tó mọ eré yìí tí kò bọ̀wọ̀ fún un. Ẹ sọ ọ́ fún ọmọ níjọ́ tí kò sí ìdíje. Kò ní gbọ́ ọ lọ́jọ́ tó ń sunkún.

Ọ̀rọ̀ nìkan kò sì tó. “Má bẹ̀rù” kò tíì sọ ọrùn ọwọ́ ẹnikẹ́ni di rírọ̀ rí. Orí tábìlì ni a ti ń wo ìbẹ̀rù yìí sàn, ohun tí a fẹ́ kí ẹ mú lọ sílé jù lọ sì nìyí. Ọ̀pọ̀ ọmọ ló ń gbá bọ́ọ̀lù wákàtí méjì lójúmọ́ láìjẹ́ pé wọ́n gbá àmì kan tó le. Ní ogún ìṣẹ́jú tó kẹ́yìn, nígbà tó ti rẹ̀ wọ́n, ẹ jẹ́ kí wọ́n gbá géèmù kúkúrú mẹ́fà. Méjì á bẹ̀rẹ̀ ní 9–9. Méjì á bẹ̀rẹ̀ ní 9–6, kí ọmọ tó gbóyà wà níwájú, nítorí iwájú ni ẹ̀rù ti ń bà á. Méjì á bẹ̀rẹ̀ ní 6–9, kí òun wà lẹ́yìn. Ẹ kọ èsì rẹ̀ sínú ìwé. Kí ẹni tó bá fìdí rẹmi kó bọ́ọ̀lù ilẹ̀, kó má jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹ má fi ìjókòó-dìde ogójì jẹ ẹ́ níyà, nítorí ìyẹn á tún dá ẹ̀rù tí a ń lé lọ padà.

Lẹ́ẹ̀kan lọ́sẹ̀, kí ó gbá pẹ̀lú ọmọ tó kéré sí i, kí ọmọ kékeré bẹ̀rẹ̀ ní 5–0. Sámpíọ̀nù á fìdí rẹmi níbẹ̀ lójú gbogbo ẹgbẹ́, ilẹ̀ á sì mọ́ lọ́jọ́ kejì. Àwọn òbí kan kì í fẹ́ràn èyí, wọ́n á ní à ń dójú ti ọmọ àwọn. Kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Ìfìdírẹmi kékeré nílé ló ń mú kí ti ìta ṣeé gbé.

Kó ní sáàfù méjì tó lè gbá lójú oorun: ọ̀kan kúkúrú tó ń yí padà sẹ́yìn, tí bọ́ọ̀lù rẹ̀ á bọ́ lẹ́ẹ̀mejì lórí tábìlì ẹnìkejì bí kò bá fọwọ́ kàn án, ọ̀kan gígùn tó yára, tó ń lọ sí ìgbúnwọ́ ẹnìkejì. Ọgbọ̀n-ọgbọ̀n nínú ọ̀kọ̀ọ̀kan lójúmọ́. Èyí tó fẹ́ gbá, kó ti yàn án kí bọ́ọ̀lù tó dúró lórí àtẹ́lẹwọ́. Ẹni tó bá ń yàn án nígbà tí bọ́ọ̀lù ti wà lókè ni sáàfù rẹ̀ ń wọ nẹ́ẹ̀tì.

Láàárín àmì kan sí èkejì, ẹ kọ́ ọ ní ohun kan náà tí yóò máa ṣe, bó jẹ àmì, bí kò jẹ ẹ́: kó kẹ́yìn sí tábìlì, kó fa èémí símú ní ìwọ̀n ení dé ẹẹ́rin, kó tu ú sílẹ̀ ní ìwọ̀n ení dé ẹẹ́fà, kó gbọn ọwọ́ báàtì lẹ́ẹ̀kan, kó yan sáàfù, kó padà. Kò gbà ju ìṣẹ́jú àáyá mẹ́wàá lọ. Òfin gbà kí ó nu òógùn lẹ́yìn àmì mẹ́fà-mẹ́fà, kó máa lò ó. Ohun tí ọmọ kì í tíì ṣe nílé kò ní rántí ẹ̀ nídìí ìdíje, nítorí náà ìgbà ìdánrawò ni kí ẹ ti mú un le.

Lọ́jọ́ ìdíje, kó jẹun ní wákàtí méjì ṣáájú: ẹ̀kọ, búrẹ́dì tàbí ọ̀gẹ̀dẹ̀, kó má jẹ́ àmàlà òkèlè ńlá. Olùkọ́ni lè bá ọmọ sọ̀rọ̀ láàárín àmì bí kò bá ti dá eré dúró, àmọ́ kó jẹ́ ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo tí ara lè ṣe: “Ẹsẹ̀!” tàbí “Jù ú sókè!” Àyè ìsinmi ìṣẹ́jú kan wà fún ẹnìkọ̀ọ̀kan, ẹ̀ẹ̀kan péré nínú odindi eré, kì í ṣe nínú géèmù kọ̀ọ̀kan. Ọ̀pọ̀ ń fi pamọ́ títí omi á fi dànù. Ní 9–7, tí ọmọ yín ṣì wà níwájú tí ejìká rẹ̀ ti ń gòkè, ìgbà yẹn ni kí ẹ gbà á.

Bó bá wá fìdí rẹmi, kó bọ ẹnìkejì lọ́wọ́, kó bọ adájọ́ lọ́wọ́, kó mumi. Ẹ jẹ́ kó sunkún bó bá ń sunkún. Kí ẹnikẹ́ni má sọ̀rọ̀ eré náà fún ọgbọ̀n ìṣẹ́jú, pàápàá nínú ọkọ̀, níbi tí ọmọ kò ti rí ibi sá sí. Wọ́n ní bí ọmọdé bá ṣubú, á wo iwájú. Bí àgbà bá ṣubú, á wo ẹ̀yìn. Olùkọ́ni ni kó wo ẹ̀yìn: sáàfù wo ló da ọmọ láàmú, ibo ni bọ́ọ̀lù rẹ̀ ń kó sí? Kó wá fún ọmọ ní iṣẹ́ kan ṣoṣo fún ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀. Bó bá jẹ́ sáàfù tó ń yí sẹ́gbẹ̀ẹ́ ló nà án, ogún ìṣẹ́jú lójúmọ́ ni kí wọ́n fi máa gbá a sí i.

Ìgbà tí èyí le jù ni ìgbà tí ọmọ bá kúrò ní ipò àwọn tí kò tíì pé ọdún 11, tó bọ́ sáàárín àwọn tí kò tíì pé 13. Ẹni tó ń na gbogbo ayé lánàá á wá bá àwọn tó fi orí ga jù ú lọ. Ẹ sọ fún un ṣáájú pé yóò máa fìdí rẹmi fún ìgbà díẹ̀. Ẹ wá ìdíje tó lè borí nínú bí eré mẹ́fà tàbí méje nínú mẹ́wàá. Bó bá ń borí nínú gbogbo rẹ̀, ibẹ̀ ti kéré fún un. Bó bá ń pàdánù gbogbo rẹ̀, ó ti yá jù.

Àmọ́ bí inú bá ń run ọmọ ní gbogbo òwúrọ̀ ìdíje, bó bá ń bì, tí kò rí oorun sùn, tàbí tó ń gbé báàtì pamọ́, ẹ mú un lọ rí dókítà, kí ẹ sì fi ìdíje sílẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan. Kó ṣì máa gbá bọ́ọ̀lù bó bá wù ú, láìka àmì. Nígbà tó bá sì fẹ́ padà, ìdíje ẹgbẹ́ tàbí ti ẹni méjì-méjì ni kó kọ́kọ́ wọ̀, níbi tí ẹlòmíì ti dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ tí wọ́n jọ ń gbé àmì tó kẹ́yìn.