Wọ́n Rí Ìṣúra Owó Wúrà: Bí Ẹ Ṣe Máa Mọ̀ Bóyá Ó Kan Tiyín

Ẹ kú ìkàlẹ̀ o. Owó wúrà Amẹ́ríkà àtijọ́ ni ọ̀rọ̀ wa lónìí, pàápàá ogún dọ́là tí wọ́n ń pè ní double eagle. Bí ìròyìn bá ti jáde báyìí pé wọ́n hú ìṣúra kan, tàbí pé báǹkì kan nílẹ̀ òkèèrè tú àpò rẹ̀ síta, fóònù mi kì í sinmi mọ́. Ẹni tó ní fẹ́ tà, ẹni tí kò ní fẹ́ rà, tọ̀tún tòsì ló ń kánjú. Ẹ jẹ́ kí n fi ohun tí mo máa ń yẹ̀ wò hàn yín kí n tó fún ẹnikẹ́ni lésì.

Àkọ́kọ́, ìwọ̀n. Mo ti gbé ọ̀kan sórí òṣùwọ̀n. Ẹ wo nọ́ńbà yẹn: gíráàmù 33.4. Ó péye, torí gíráàmù 33.436 ni òfin fi lélẹ̀ fún un. Bí a bá pín in sọ́nà mẹ́wàá, mẹ́sàn-án jẹ́ wúrà. Ẹ̀yin ìyá wa tẹ́ ẹ mọ kárátì, ó lé díẹ̀ ní 21 ààbọ̀. Ojúlówó wúrà tó wà nínú rẹ̀ jẹ́ ọ́ǹsì 0.9675. Ká ní ọ́ǹsì kan jẹ́ $3,000 lọ́jọ́ tí ẹ fẹ́ rà, wúrà inú rẹ̀ nìkan á tó nǹkan bíi $2,900. Bí ẹni tó ń tà bá ní $3,050 lòun máa gbà, $150 péré lẹ fi lé e. Bó bá ní $8,000 ńkọ́? $5,100 nínú owó yín lẹ fi ń ra ọ̀wọ́n. Ìṣúra yòówù kí wọ́n hú, kò lè mi $2,900 yẹn, ọjà wúrà àgbáyé ló ni ín. $5,100 yẹn ni kí ẹ máa ṣọ́.

Ìdí nìyí tí ọkàn ẹni tó ní 1904 tó ti gbó fi lè balẹ̀. Ó ju mílíọ̀nù mẹ́fà lọ tí wọ́n rọ lọ́dún yẹn. Wúrà ló rà, wúrà náà ló wà lọ́wọ́ rẹ̀.

Ẹ̀kejì, ọdún àti lẹ́tà. Mo yí i padà. Lábẹ́ ìrù idì, lókè ibi tí wọ́n kọ TWENTY sí, ẹ wò ó dáadáa, lẹ́tà S kékeré kan wà níbẹ̀. San Francisco nìyẹn. CC ni Carson City, O ni New Orleans, D ni Denver. Bí kò bá sí lẹ́tà kankan, Philadelphia ni wọ́n ti rọ ọ́. Ti ìgbà Saint-Gaudens, ayàwòrán tó ya àwòrán tuntun sára owó náà, èyí tó bẹ̀rẹ̀ ní 1907, iwájú ni lẹ́tà tiẹ̀ wà, lókè ọdún.

Ọdún àti lẹ́tà yìí lẹ máa gbé ko ìròyìn náà lójú. Ibí yìí ni mo fẹ́ ká ti fara balẹ̀, torí ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ èèyàn ti ń ṣìnà: wọ́n á lọ wo iye tí ìjọba rọ, wọ́n á rí i pé ó kéré, wọ́n á sanwó gọbọi. Ibi tí owó náà gbà lọ lẹ́yìn tí wọ́n rọ ọ́ tán ni kí ẹ wá.

Ẹ gbọ́ ti 1924-S. Ó ku díẹ̀ kó pé mílíọ̀nù mẹ́ta tí wọ́n rọ. Àmọ́ ní ọjọ́ 5 oṣù kẹrin ọdún 1933, Ààrẹ Roosevelt pàṣẹ pé kí aráàlú dá owó wúrà wọn padà, ìjọba sì yọ́ èyí tó pọ̀ jù. Títí di ọdún 1940 sí 1949, àwọn tó ń kó owó jọ ka 1924-S mọ́ èyí tó ṣọ̀wọ́n jù lọ. Wọn ò mọ̀ pé wọ́n ti fi àpò àpò rẹ̀ ránṣẹ́ sí báǹkì ilẹ̀ Yúróòpù kí àṣẹ yẹn tó dé. Nígbà tí àwọn àpò náà bẹ̀rẹ̀ sí í padà wálé, iye rẹ̀ já wálẹ̀. Ní ti 1927-D, tí wọ́n rọ 180,000, gbogbo oníṣòwò ló fojú wá a nínú àwọn àpò Yúróòpù wọ̀nyẹn. Títí dòní, èyí tí a mọ̀ pé ó ṣẹ́kù kò tó ogún. Ilé ìṣúra ìjọba ni ìyókù wà tí iná fi mú un.

1857-S tún yàtọ̀ síyẹn. California ló ti wá, ọkọ̀ ojú omi SS Central America sì kó o láti Panama, ìjì sì rì í ní oṣù kẹsàn-án 1857 lójú òkun Carolina, pẹ̀lú èèyàn tó lé ní 400. Ikọ̀ tí Tommy Thompson ṣáájú rí i nísàlẹ̀ òkun lọ́dún 1988. 1857-S tó ju 5,000 lọ ló jáde, ọ̀pọ̀ nínú wọn ń kọ mànà. Ṣáájú ìgbà yẹn, èyí tí ẹnikẹ́ni kò ná rí ṣòroó rí. Lónìí, òun ló wọ́pọ̀ jù nínú àwọn double eagle aláìná ti ọdún 1850 sí 1866. Ẹni tó ti fi owó ńlá ra ọ̀kan tó ń dán tẹ́lẹ̀ ló jẹ ìyà rẹ̀. Ẹni tí tiẹ̀ ti gbó kò fi bẹ́ẹ̀ pàdánù. Àmọ́ ìtàn ọkọ̀ yẹn fa ọ̀pọ̀ èèyàn tí kò kó owó jọ rí wọnú ọjà, wọ́n sì ń rà á títí di báyìí.

Ẹ̀kẹta, gíréèdì, ìyẹn nọ́ńbà tó ń sọ bí ara owó ṣe mọ́ tó. MS ni ti èyí tí ẹnikẹ́ni kò ná rí, láti 60 dé 70, èyí tí nọ́ńbà rẹ̀ bá ga jù ló mọ́ jù. Mo ń fi gíláàsì wo ẹ̀rẹ̀kẹ́ Liberty, obìnrin tí wọ́n ya síwájú owó náà. Ẹ rí àwọn àpá wínníwínní yìí? Inú àpò ni owó ti ń gbá ara wọn. Ohun tó bá ti àpò báǹkì jáde, MS-61 sí MS-63 ló máa ń pọ̀ nínú rẹ̀, MS-66 kì í sábà sí níbẹ̀. Nítorí náà, àpò báǹkì lè lu iye MS-62 yín bolẹ̀ láìfọwọ́ kan MS-66 aládùúgbò yín. Èyí tó bá wà nínú agolo lè ṣe òdìkejì. Tọkọtaya kan ní California hú agolo mẹ́jọ nínú ilẹ̀ wọn ní 2013, owó 1,427, tí wọ́n ń pè ní Saddle Ridge. Ọ̀kan nínú rẹ̀ ni 1866-S tí kò ní ọ̀rọ̀ IN GOD WE TRUST lẹ́yìn, àwọn tó yẹ̀ ẹ́ wò sì díye lé e tó mílíọ̀nù kan dọ́là. Ẹni tó ti ń fọ́nnu pé tòun ló mọ́ jù lọ nínú irú rẹ̀ ní láti fẹnu mọ́ni.

Ẹ lọ sí ojú ìwé PCGS àti ti NGC, àwọn ilé iṣẹ́ tó ń fún owó ní gíréèdì, tí wọ́n sì ń tì í mọ́nú ike, ẹ wo iye tí wọ́n ti kà ní gíréèdì tiyín àti ní gíréèdì tó wà lókè rẹ̀. Ẹ kọ ọ́ sílẹ̀, kí ẹ tún padà wò ó lẹ́yìn oṣù díẹ̀. Bí nọ́ńbà bá ń gun òkè ṣáá, ẹ má tíì rà. Ẹ kàn fi sọ́kàn pé ẹlòmíràn a máa tú owó kan náà kúrò nínú ike, a tún fi ránṣẹ́ kí wọ́n lè gbé gíréèdì rẹ̀ sókè, wọ́n á sì kà á lẹ́ẹ̀mejì.

Ẹni tó ní ìṣúra kì í dà gbogbo rẹ̀ sọ́jà lẹ́ẹ̀kan. Ẹ wo ìṣúra tí Stack's Bowers, ilé iṣẹ́ gbàǹjo, ń pè ní Fairmont Collection: gbàǹjo lórí gbàǹjo ni wọ́n ń tà á. Èmi kì í rà ní gbàǹjo àkọ́kọ́, torí ariwo ló ń gbé iye ibẹ̀. Orúkọ ìṣúra tí wọ́n kọ sára ike náà ńkọ́? Ti Central America ṣì ń mówó wá nígbà títà. Ti àwọn míì, díẹ̀ báyìí ni mo lè fi lé e.

Bí ariwo bá sì ti pọ̀, ayédèrú náà á jáde. Nọ́ńbà tó wà lára ike yìí, ẹ tẹ̀ ẹ́ sínú ojú ìwé àyẹ̀wò PCGS kí ẹ tó sanwó. Bí àwòrán bá wà níbẹ̀, tí àpá ẹ̀rẹ̀kẹ́ inú àwòrán kò sì bá ti èyí tó wà lọ́wọ́ yín mu, ẹ dá a padà fún ẹni tó ń tà á.