Gadchiroli: Ta Ló Ni Igbó?

Ẹ káàbọ̀. Ẹ wo máàpù Íńdíà tó wà níwájú yín yìí. Ẹ wá Mumbai ní etí òkun lápá ìwọ̀-oòrùn, kí ẹ wá máa fi ìka tọ ìpínlẹ̀ Maharashtra lọ sí ìlà-oòrùn títí ìpínlẹ̀ náà yóò fi tán. Ibi tó tán sí yẹn ni Gadchiroli. Ìjọba ìpínlẹ̀ kan náà ló ń darí òun àti Mumbai, ṣùgbọ́n ẹni tó bá kúrò ní ọ̀kan bọ́ sí èkejì yóò rò pé òun ti dé orílẹ̀-èdè mìíràn ni.

Ọdún 1982 ni wọ́n yọ ẹkùn yìí kúrò lára ẹkùn Chandrapur. Ó fẹ̀ tó 14,412 kìlómítà níbùú lóòró, ìkànìyàn ọdún 2011 sì ka 1,072,942 ènìyàn níbẹ̀. Ilẹ̀ pọ̀ ju èèyàn lọ fíìfíì. Igbó ló gba ìyókù, nǹkan bí ìdá mẹ́ta nínú mẹ́rin ilẹ̀ náà: igi tíìkì, ọparun, àtàwọn igi mìíràn lóríṣiríṣi. Odò Wainganga ń ṣàn wá láti òkè, ó pàdé Wardha, àwọn méjèèjì di Pranhita, Pranhita sì lọ wọ Godavari ní Sironcha. Bí òjò bá ti wọlé wẹ́rẹ́ ní oṣù kẹfà, àwọn tó wà ní Bhamragarh mọ ohun tó ń bọ̀: odò yóò kún bo afárá, ọ̀nà yóò sì dí.

Nǹkan bí méjì nínú márùn-ún àwọn ará ibẹ̀ ló jẹ́ ẹ̀yà ìbílẹ̀, pàápàá Gond àti Madia. Marathi ni èdè ìjọba. Gondi àti Madia ni wọ́n ń sọ nínú ilé. Ẹ tún máa gbọ́ Telugu nísàlẹ̀ lọ́hùn-ún. Ìrẹsì ni wọ́n ń gbìn, òjò ni wọ́n sì gbójú lé. Nígbà tí ìrẹsì bá tán nílẹ̀ ni igbó máa ń bọ́ wọn. Ní oṣù kẹta sí ìkẹrin, òdòdó igi mahua á máa já bọ́ lóru, àwọn obìnrin àtọmọdé á sì jí lọ ṣà á ní ìdájí. Mọ̀lẹ́bí igi èmí tí a ń rí òrí lára rẹ̀ ni mahua, àgbálùmọ̀ pàápàá wà nínú ẹbí náà. Òróró inú kóró rẹ̀ sì máa ń dì bí òrí. Wọ́n ń sá òdòdó rẹ̀, wọ́n ń jẹ ẹ́, wọ́n sì ń fi pọn ọtí. Ó sì ṣe, láti ọdún 1993 ni òfin ti ka ọtí léèwọ̀ ní gbogbo ẹkùn náà! Lẹ́yìn mahua ló kan ewé tendu, tí wọ́n fi ń wé bídì, sìgá àwọn mẹ̀kúnnù Íńdíà. Owó ewé yìí ni ọ̀pọ̀ ìdílé ń rí gbá mú lọ́dún.

Kí ló wá dé tí ẹni tó ń gbé inú ọrọ̀ báyìí fi jẹ́ tálákà? Ẹ jẹ́ ká wo ọparun. Koríko ni, àgbẹ̀ èyíkéyìí ló mọ̀. Ṣùgbọ́n òfin igbó tí Gẹ̀ẹ́sì ṣe ní 1927 pè é ní igi, igi igbó sì jẹ́ ti ìjọba. Ẹni tó bá gé ẹyọ kan láti hun apẹ̀rẹ̀ lè di olè, nígbà tí ilé iṣẹ́ bébà ń fi ọkọ̀ kó o lọ pẹ̀lú ìwé àṣẹ.

Ní 2006, ìjọba àpapọ̀ ní Delhi ṣe òfin tuntun tó dá ẹ̀tọ́ igbó padà fún àwọn tó ń gbé inú rẹ̀. Abúlé Gond kan, Mendha, tí Devaji Tofa jẹ́ agbẹnusọ fún, dì í mú ṣinṣin. Ní 2009 wọ́n gba ìwé ẹ̀tọ́ lórí igbó tó tó nǹkan bí 1,800 hẹ́kítà. Síbẹ̀, àwọn òṣìṣẹ́ igbó ò jẹ́ kí ọparun jáde: ẹ lè ni ín, àmọ́ ẹ ò gbọdọ̀ kó o kọjá títì. Ó di 2011 kí mínísítà ètò àyíká, Jairam Ramesh, tó wá sí abúlé náà fúnra rẹ̀, tí wọ́n sì gbé ìwé ìkẹ́rù lé àwọn ará abúlé lọ́wọ́. Ní 2017 ni ilé aṣòfin wá yọ ọparun kúrò nínú àwọn igi. Lójú tèmi, bí Mendha ṣe ń ṣèpàdé ló jẹ́ kí wọ́n lè dúró: bí ẹnì kan ṣoṣo ò bá tíì gbà, wọn ò tíì parí ọ̀rọ̀.

Gbogbo abúlé kọ́ ló rí bẹ́ẹ̀. Láti nǹkan bí 1980 ni àwọn ajagun Maoist, àwọn kọ́múníìsì tó ń fi ohun ìjà bá ìjọba jà, ti wọ igbó yìí, àwọn ará abúlé sì há sáàárín wọn àti ọlọ́pàá.

Irin ló kù tí wọ́n ń fà báyìí. Ní òkè Surjagarh, wọ́n ń wa kùsà irin, ọkọ̀ akẹ́rù sì ń tò lójú títì. Òfin 2006 fún abúlé ní ọparun, òdòdó àti ewé. Kò fún wọn ní irin inú òkè. Àwọn ọ̀dọ́ kan ti ríṣẹ́ níbẹ̀, inú wọn dùn sí i. Àwọn mìíràn ń sọ pé òkè kan náà ni àwọn ti ń bọ òrìṣà àwọn, Thakurdeo, lọ́dọọdún, àwọn ò sì fẹ́ kí wọ́n wà á.