Wáàsí Jímọ̀: Ariwo Àwọn Ajàfẹ́tọ̀ọ́, Ṣé Ó Ń Dín Ìyà Obìnrin Kù?

Assalaamu alaykum wa rahmatullaahi wa barakaatuh. Ẹ̀yin ará mi nínú ẹ̀sìn, a kú Jímọ̀ o. Ọ̀rọ̀ tòní wà lára ohun tí ọ̀pọ̀ lèmọ́mù kì í fẹ́ fọwọ́ kàn lórí mínbárì, àfi tí wọ́n bá fẹ́ sọ fún obìnrin pé kó ṣe sùúrù.

Lọ́dọọdún, láti 25 oṣù kọkànlá títí di 10 oṣù kejìlá, kárí ayé làwọn obìnrin ti ń wọ aṣọ aláwọ̀ ọsàn, tí wọ́n ń gbé pátákó, tí wọ́n ń pariwo pé ìwà ipá sí obìnrin tó gẹ́ẹ́. Tí àkókò yẹn bá ti dé, àwọn ọkùnrin a máa bi mí, bíi pé wọ́n ti mọ ìdáhùn: "Àlùfáà, kí ni ariwo yìí ń ṣe gan-an? Ẹni tó bá fẹ́ lu ìyàwó ẹ̀, ṣé pátákó ló máa dá a dúró?"

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ lọ sí Mẹ̀dínà. Abú Dáwúdà gbà á wá pé Ànábì Muhammad (kí ìkẹ́ àti ọlà Ọlọ́hun máa bá a) sọ pé kí wọ́n má ṣe na àwọn ẹrúbìnrin Ọlọ́hun, ìyẹn àwọn obìnrin. Nígbà tó yá, Umar wá fẹjọ́ sùn pé àwọn obìnrin ti ń gbójú sáwọn ọkọ wọn, Ànábì sì yọ̀ǹda kí wọ́n nà wọ́n. Kí ló tẹ̀ lé e? Ṣe ni àwọn obìnrin ya bo ilé Ànábì, wọ́n lọ bá àwọn aya rẹ̀, wọ́n ń fi ẹjọ́ ọkọ wọn sùn. Ànábì kò lé wọn dànù. Kò ní kí wọ́n padà sílé ọkọ kí wọ́n lọ bo àṣírí. Àwọn ọkùnrin ló kọjú sí, ó ní obìnrin púpọ̀ ti wá yí àwọn ará ilé Muhammad po, tí wọ́n ń ráhùn ọkọ wọn, ó sì ní irú àwọn ọkọ bẹ́ẹ̀ kì í ṣe ẹni rere láàárín yín. Bí ẹ ò bá fẹ́ pe èyí ní ìwọ́de, ẹ fún un lórúkọ mìíràn.

Khawla ọmọ Tha'laba náà ńkọ́? Ọkọ rẹ̀ sọ fún un pé bí ẹ̀yìn ìyá òun ló rí sí òun, ọ̀rọ̀ tí wọ́n fi ń so obìnrin rọ̀ láyé àìmọ̀kan: kò nílé ọkọ, kò lómìnira. Ó gbé ẹjọ́ náà tọ Ànábì lọ, ó ń rò, ó tún ń rò, títí Ọlọ́hun fi sọ ìbẹ̀rẹ̀ Súúrà kejìdínlọ́gọ́ta kalẹ̀ pé Òun ti gbọ́ ọ̀rọ̀ obìnrin náà. Ẹ̀sùn obìnrin kan ṣoṣo di òfin: ọkùnrin tó bá sọ irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ yóò dá ẹrú sílẹ̀ kó tó lè padà sọ́dọ̀ ìyàwó rẹ̀. Bí kò bá rí ẹrú, yóò gba ààwẹ̀ oṣù méjì gbáko láìjá. Bí kò bá lè gbà á, yóò bọ́ ọgọ́ta aláìní. Ọkùnrin tó bá ti ro oṣù méjì ààwẹ̀ wò á kó ẹnu ara rẹ̀ níjàánu.

Tí ẹni tó ń bi mí ní ìbéèrè yìí bá wá jẹ́ ọmọ Ẹ̀gbá, ó máa ń yà mí lẹ́nu díẹ̀. Ìlú wo ló tún yẹ kó mọ èso ariwo obìnrin ju Abẹ́òkúta lọ? Láyé ìjọba òyìnbó, wọ́n tipasẹ̀ ààfin bu owó orí ọ̀tọ̀ lé obìnrin níhìn-ín, àwọn agbowó-orí á sì máa bọ́ aṣọ lára ọmọdébìnrin láti wò ó bóyá ó ti tó ẹni tó ń sanwó. Ìwà ipá sí obìnrin nìyẹn, lójú ọ̀sán gangan, pẹ̀lú àṣẹ. Fúnmiláyọ̀ Ransome-Kuti kó àwọn ìyá ọlọ́jà jọ. Ní 1947 wọ́n sùn síwájú ààfin Aké. Nígbà tó fi máa di 1949, Kábíyèsí Adémọ́lá Kejì ti kúrò nílùú lọ sí Òṣogbo, owó orí obìnrin sì ti dópin. (Mi ò fi èyí bú ààfin o. Kábíyèsí náà padà sórí ìtẹ́ lẹ́yìn ìgbà náà.) Orin nìkan kọ́ ni wọ́n kọ. Wọ́n kọ ìwé ẹ̀sùn, wọ́n fárí gá pé àwọn ò san, wọ́n fojú ba kóòtù, wọ́n sì tún padà wá.

Ibẹ̀ ni ìdáhùn mi wà. Ariwo ọjọ́ kan tí wọ́n ya fọ́tò rẹ̀ tán tí oníkálùkù gba ilé rẹ̀ lọ, mi ò rò pé ó gba ọwọ́ ẹnikẹ́ni dúró. Èyí tí kò lọ, tó bá ọ̀rọ̀ náà dé ilé aṣòfin tó sì tún bá a dé ẹnu ọ̀nà aládùúgbò, ń ṣiṣẹ́. Ní Kampala ní Uganda, wọ́n dán an wò láàárín 2007 sí 2012 ní àdúgbò mẹ́jọ. Ní mẹ́rin, wọ́n kọ́ àwọn ará àdúgbò fúnra wọn, tọkùnrin tobìnrin, láti máa bá aládùúgbò wọn sọ̀rọ̀ nípa bí èèyàn ṣe ń lo agbára nínú ilé. Wọn kò tíì dé mẹ́rin yòókù. Nígbà tí wọ́n fi wọ́n wéra, iye obìnrin tí ọkọ tàbí ọ̀rẹ́kùnrin wọn lù láàárín ọdún kan fi ìdá 52 nínú ọgọ́rùn-ún kéré níbi tí iṣẹ́ náà dé.

Ti òfin náà gba sùúrù. Òfin tó de ìwà ipá sí èèyàn, èyí tí wọ́n ń pè ní VAPP, láti 2002 làwọn ẹgbẹ́ obìnrin ti gbé àbá rẹ̀ dé Abuja. 2015 ni Ààrẹ Goodluck Jonathan tó buwọ́ lù ú. Ìpínlẹ̀ Ògùn ṣe tirẹ̀ ní 2017. Nínú ti ìjọba àpapọ̀, afipábánilòpọ̀ lè lọ sẹ́wọ̀n gbére, ẹni tó bá sì lu aya tàbí ọkọ rẹ̀ lè ṣẹ̀wọ̀n ọdún mẹ́ta, tàbí kó san ₦200,000, tàbí kó jẹ méjèèjì pọ̀.

Síbẹ̀, nínú ìwádìí ìjọba ti 2018, obìnrin 31 nínú ọgọ́rùn-ún, láti ọmọ ọdún 15 sí 49, ló sọ pé wọ́n ti lu àwọn rí láti ìgbà tí àwọn ti pé ọmọ ọdún 15. Ju ìdajì àwọn tí wọ́n ti fìyà jẹ ni kò wá ìrànlọ́wọ́ níbì kankan. Òfin wà, wọn ò dé ọ̀dọ̀ rẹ̀. Ta ló dúró sójú ọ̀nà?

Ẹ wo bó ṣe máa ń rí. Wọ́n bá ọmọ ọdún 13 jẹ́ nínú agboolé. Kílẹ̀ tó mọ́, wọ́n ti wẹ ọmọ náà, aṣọ rẹ̀ ti wà lórí okùn. Láàárọ̀, ẹní ti wà nílẹ̀ ní pálọ̀. Baálé ilé jókòó, ẹ̀gbọ́n ẹni tó ṣe é jókòó, àlùfáà àdúgbò náà jókòó tòun ti tẹ̀súbáà lọ́wọ́. Wọ́n gbé kéréètì mínírà kan wọlé, wọ́n fi àpòòwé tówó wà nínú ẹ̀ lé e. "Iṣẹ́ Ṣàìtánì ni." "Ẹ fi ti Ọlọ́hun ṣe é." "Táyé bá gbọ́, ta ló máa fẹ́ ẹ?" Ìyá ọmọ jókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilẹ̀kùn, kò sẹ́ni tó bi í ní nǹkan kan. Wọ́n ka fàtíhà, wọ́n ṣàmín. Nígbà tó fi máa di ọ̀sẹ̀ kejì, ọkùnrin yẹn ti padà sẹ́nu iṣẹ́ rẹ̀, ọmọ náà ló ń gba ẹ̀yìnkùlé lọ síléèwé.

Ẹ̀yin àlùfáà ẹlẹgbẹ́ mi, fàtíhà kí ni a kà níbẹ̀? Ọlọ́hun sọ nínú Súuratu-n-Nisáà, aaya 135, pé ká dúró ṣinṣin ti ìdọ́gba, ká jẹ́rìí nítorí Òun, ìbáà tako àwa fúnra wa, tàbí òbí wa, tàbí ẹbí wa. Àwọn tó ń sọ pé Ìsìláàmù ní ká bo àṣírí, kí wọ́n ka aaya 148 nínú súúrà kan náà: Ọlọ́hun kò fẹ́ kí èèyàn máa kéde ọ̀rọ̀ burúkú, àyàfi ẹni tí wọ́n ṣàbòsí sí. Ẹ̀tọ́ ọmọ yẹn kì í sì í ṣe ohun ìní baálé ilé tó lè gbà á jọ̀wọ́. Àǹfààní tí mo rí lára àwọn ajàfẹ́tọ̀ọ́ gan-an nìyí, wọ́n máa ń ba irú ìpàdé bẹ́ẹ̀ jẹ́. Kí Ọlọ́hun fún wọn lókun sí i.

Mo ní ẹjọ́ tiwọn náà o. Kò dára kí wọ́n gbé àwòrán ọmọ tí wọ́n bà jẹ́ sórí Facebook, kò sì dára kí wọ́n dárúkọ ẹni kan ká tó wádìí. Súúrà 49, aaya 6, ní ká wádìí ìròyìn, ìyà tí Ọlọ́hun sì là kalẹ̀ fún ẹni tó bá purọ́ àgbèrè mọ́ ọmọlúàbí obìnrin kì í ṣe kékeré. Ṣùgbọ́n ìwádìí ni Ó sọ. Kò ní ká gbẹ́ ilẹ̀ ká sin ín.

Ẹni tó bá sì fẹ́ fi aaya 34 nínú Súuratu-n-Nisáà, èyí tó mẹ́nu ba nínà aya, gbe ọwọ́ ara rẹ̀ lẹ́yìn, kó gbọ́ ohun tí Àíṣà, aya Ànábì, sọ nínú hadíìsì tí Muslim gbà wá: Ànábì kò fi ọwọ́ rẹ̀ na obìnrin rí, kò na ìránṣẹ́ rí, àyàfi lójú ogun ẹ̀sìn. Àtáù ọmọ Abí Rabáàh, àgbà onímọ̀ Mẹ́kà, ka aaya yẹn, ó ní kí ọkọ má nà án, kó kàn bínú sí i ni. Àbí ẹ mọ Àlùkùránì jù ú lọ?

Tí wọ́n bá wá fi irú ọ̀ràn ọmọ tí wọ́n bà jẹ́ yẹn lọ̀ yín lónìí, ẹ má jẹ́ kí wọ́n wẹ ọmọ náà. Ẹ gbé e lọ síléèwòsàn ìjọba kí wákàtí 72 tó kọjá, torí oògùn tó ń dènà kòkòrò HIV kì í ṣiṣẹ́ mọ́ lẹ́yìn ìyẹn. Aṣọ tó wọ̀, inú àpò bébà ni kẹ́ ẹ kó o sí, ẹ má kó o sínú ọ̀rá, kó má baà bu. Ẹ kọ̀wé sílẹ̀ ní àgọ́ ọlọ́pàá. Tí wọ́n bá ń fi falẹ̀, ẹ mọ ọ̀nà Eléwé-ẹran, olú iléeṣẹ́ ọlọ́pàá ìpínlẹ̀ wa. Ẹ jẹ́ kí ìyá rẹ̀ bá a lọ, kí obìnrin méjì láti àsàlátù náà tẹ̀ lé wọn, torí ibẹ̀ máa ń gba ọjọ́ púpọ̀, ó sì máa ń rẹ èèyàn.

Kí Ọlọ́hun gba Jímọ̀ lọ́wọ́ wa. Àmín.